Agboòrùn Ojú Sánmà tí Ojúọlá Dì

Obìnrin aláró kan gbé ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, nígbà tí tírénì ṣì ń fọn fèrè wọ̀lú láràárọ̀. Ojúọlá lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dú láti èékánná dé ìgunpá, kò sì sí ọṣẹ tó lè bó o. Aláró pọ̀ l'Óṣogbo bí ẹrùpẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe aró Ojúọlá làwọn èèyàn ń wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdì rẹ̀ ni. Bí ó bá mú aṣọ funfun tó lè bo ẹni mẹ́ta, a ṣẹ́ ẹ po, a ká a, a fi ìko wé e, a fi eyín fà á le, títí aṣọ yóò fi kéré bí ẹ̀kọ inú ewé. Abẹ làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń tú ìdì wọn lẹ́yìn aró, abẹ a sì máa gé aṣọ oníbàárà. Ojúọlá kì í fi abẹ kan aṣọ. Orí okùn kan ṣoṣo ni í fi sílẹ̀ síta. Bó bá fa orí okùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, gbogbo kókó a máa já tẹ̀lé ara wọn, pa-pa-pa-pa, aṣọ a sì là gbàrà bí ojú ọmọ tuntun.

Mùyídéènì, ọmọ Iléṣà, ni ọkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì kó máa rin ọwọ́ ọ̀tún, bọ́gì tírénì méjì fún un sáàárín, ó sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Wọn ò jẹ́ kí opó rẹ̀ pẹ́ nínú ilé rélùwéè. Ó kó ìkòkò aró rẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Nọ́síràtù, lọ́wọ́, ó gba yàrá kan sí Òkè-Fìà. Ọmọ náà ò tí ì pé ọdún méje.

Ọjọ́ àdúrà ogójì ni ìyá ọkọ rẹ̀, Àpìkẹ́, ti sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ó ní ọmọ Mùyídéènì ni Nọ́síràtù, ilé Mùyídéènì ní Iléṣà ni yóò ti dàgbà. Ó ní òun ò mọ ìdí tí ọmọ ọmọ òun á fi máa gbé inú eefin aró lọ́dọ̀ obìnrin tí ikú ti já okùn rẹ̀ kúrò lára àwọn. Àwọn àgbà ilé ló bá Ojúọlá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n dúró de Ọlágòkè, àbúrò Mùyídéènì, tó wà ní Amẹ́ríkà. Òun ni ọkùnrin tó kù nínú ilé, ohun tó bá sọ labẹ gé.

Inú Ojúọlá dùn sí i. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ọlágòkè nígbà tí wọ́n gbé Ojúọlá wọlé ọkọ. Òun ló ń fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, òun ló ń bu oúnjẹ pa mọ́ dè é bó bá pẹ́ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ó bá a nílé ni, ọkọ rẹ̀ ni lójú àṣà. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ló sọ ọ́, ẹ̀yin ló sì ń pè é láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ó rò pé ẹni tí òun fún lóúnjẹ kò ní gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi dúró. Nígbà tí Ọlágòkè dé, kóòtù ló wọ̀, ó sì ń fi ọwọ́ nu àga kó tó jókòó. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan l'Óṣogbo. Oṣù kan kọjá kó tó yà sọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn náà, Àpìkẹ́ ló mú un wá. Kò jókòó. Ó ní òun ti rò ó, bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn bá dé, kí Nọ́síràtù kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Iléṣà.

Ojúọlá kúnlẹ̀. Bó ṣe kúnlẹ̀ síbẹ̀ ni oníbàárà kan wọlé, tó ní òun wá gba aṣọ òun, òun ń kánjú. Ojúọlá ò dìde. Ó na ọwọ́ sí ìdì tó wà lórí okùn ìsáṣọ, ó fa orí rẹ̀, aṣọ sì là sílẹ̀ láàárín àgbàlá láìlọ́ mọ́ra níbì kankan. Ọlágòkè tó ti kọ ẹ̀yìn síbẹ̀ yí padà. Ó ní kó tún un ṣe. Ojúọlá fa ìdì kejì, ó fa ìkẹta. Ọlágòkè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ ipa ibi tí aṣọ ti ṣẹ́ po.

Ọ̀rọ̀ ohun tó ń wá nìyí. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe etí fún ọkọ̀ tí wọ́n ń jù sójú sánmà ló ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún. Agboòrùn ni etí náà, àmọ́ agboòrùn tí wọ́n dojú rẹ̀ dé bí àwo, kó lè gba ọ̀rọ̀ láti ilẹ̀, kó sì dá a padà fún ẹni tó wà ní ìlú òkèèrè. Bó bá là, ó fẹ̀ ju àgbàlá lọ. Imú rọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa gbé e lọ kò sì ju ìkòkò lọ. Wọ́n ní láti dì í kó kéré, kó dé òkè tán kó là fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò là. Bó bá há, kò sí àkàbà tó dé ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ń wá ọgbọ́n ìdì tuntun káàkiri, Ọlágòkè sì ti ṣèlérí fún wọn pé òun ń ṣe kékeré kan tí wọ́n lè wò. Òyìnbó kan ń bọ̀ wá wò ó nígbà ọyẹ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti dì í títí, ojoojúmọ́ ló ń há.

"Ìyàwó," ni ó wí, "bí o bá bá mi dì í, tó là lójú òyìnbó, Nọ́síràtù ń bá ọ gbé títí tó fi máa relé ọkọ. Bí kò bá là, má tún wá kúnlẹ̀ níwájú mi mọ́."

Àpìkẹ́ ní irú ìlérí wo nìyẹn. Ọlágòkè ní kó fi òun sílẹ̀.

Báyìí ni Ojúọlá ṣe di ẹni tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà lójoojúmọ́ lẹ́yìn tó bá ti po aró tán. Nǹkan náà wà lórí tábìlì. Àárín rẹ̀ dà bí ìdodo, irin roboto kan. Láti ara ìdodo yìí ni irin pẹlẹbẹ méjìlá ti yọ jáde, irú irin tín-ín-rín tó ń ká bí okùn ìwọ̀n kápẹ́ńtà. Àwọ̀n wáyà ni wọ́n nà sáàárín irin kan sí ìkejì, wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Bó bá là tán, ènìyàn mẹ́rin lè sùn lábẹ́ rẹ̀. Ìdodo yẹn ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ká mọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ká irin kan, irin náà sì já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ṣá a lẹ́rẹ̀kẹ́ láti ìsàlẹ̀ ojú dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ọlágòkè sáré wá. Àwọ̀n ló gbé sókè, ó ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ta sí i. Nígbà tó rí i pé kò ta sí i ló tó ní kí ẹnìkan wá òwú fún ìyàwó.

Ó rí ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ṣe lọ́jọ́ kẹta. Irin làwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń ká lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọ̀n a sì máa bọ́ sórí irin, irin a máa gùn ún, ìhò àwọ̀n kan a kọ́ èkejì. Ojúọlá ní kí wọ́n fi irin sílẹ̀, ìdodo ni kí wọ́n máa yí. Ó ní kí irin méjèèjìlá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì dojú kọ ọ̀nà kan. Àwọ̀n tó wà láàárín irin méjì, inú ló ń ṣẹ́ ẹ po sí kí irin tó dé, bó ṣe ń ṣẹ́ aṣọ tó fẹ́ kó ní ilà wẹ́wẹ́. Ìṣẹ́po kan ò gun orí ìkejì. Àwọn ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ṣé màmá fẹ́ rẹ ẹ́ láró ni. Ojúọlá dì í tán, ó fi okùn kan ṣoṣo gbá a mú, ó fa orí okùn. Fììì, irin méjèèjìlá ta jáde, àwọ̀n là sáàárín wọn, kò kọ́ níbì kankan. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn.

Ó dì í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó là lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Nọ́síràtù sọ̀rọ̀ nípa kíláàsì tó ń bọ̀, èyí tí kò jẹ́ sọ láti ọjọ́ yìí wá.

Ó ku ọjọ́ méjì kí òyìnbó dé ni agolo dé, agolo tí wọ́n máa ki ìdì náà bọ̀ bí ẹni pé imú rọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Wẹ́dà kan ló ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tó wà nínú lẹ́tà òyìnbó. Wọ́n gbé ìdì síbẹ̀. Kò wọ̀ ọ́. Ó fi ìka méjì ju ẹnu agolo lọ. Ojúọlá ní ṣé wọn ò lè ṣe agolo mìíràn. Ọlágòkè ní lẹ́tà kì í yí padà, kó wá nǹkan ṣe sí i, òun ń lọ sí Iléṣà, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ojúọlá tún un dì, ó tún ju agolo lọ. Ó dì í kó le títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ́jẹ̀. Ìka kan ṣì kù. Ó gbé e lọ sílé. Aṣọ tó bá wú, tí kò fẹ́ wọ àpótí, oògùn kan náà làwọn aláró ní fún un láti ayébáyé. Wọn a gbé e lé orí ìtì igi, wọn a fi òlùgbóńgbó lù ú títí á fi pẹlẹbẹ, tí á máa dán. Ìyá rẹ̀ lù, ìyá ìyá rẹ̀ lù. Òun náà gbé ìdì agboòrùn sórí ìtì, ó fi àkísà bò ó, ó ń yí i, ó ń lù ú jẹ́jẹ́.

Aṣọ a máa dún gbì, gbì. Èyí ń dún ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń tẹ iyọ̀ gbígbẹ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ara ìdì, kò rí nǹkan kan, inú ni gbogbo àwọ̀n wà. Ó gbé e sí agolo. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́.

Kò fi í pa mọ́. Bí Ọlágòkè ṣe dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó sọ fún un pé òun lù ú. Ó ní ìró rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn, kí ó jẹ́ kí òun tú u wò, bí ibì kan bá já kí wọ́n tètè pààrọ̀ àwọ̀n, òun lè dì í láàárín ìdajì ọjọ́. Ọlágòkè gbé agolo sétí, ó mì ín. Ojú rẹ̀ ò yí padà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nídìí àwọ̀n wáyà mọ ohun tí òlùgbóńgbó ń fi í ṣe.

Ó ní, "Ta ló rí ọ?"

Ó ní kò sẹ́ni tó rí òun.

"Àwọ̀n mìíràn kò sí lọ́wọ́ mi. Ọ̀la lòyìnbó ń bọ̀. Agolo gbà á, ó parí. Pa ẹnu rẹ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n to àga sábẹ́ igi nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Àpìkẹ́ ti Iléṣà wá, ó mú Nọ́síràtù jókòó ti ara rẹ̀ níwájú. Ojúọlá fẹ́ lọ jókòó nítòsí wọn, Ọlágòkè ní kó lọ dúró lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ní ọwọ́ rẹ̀ kò bójú mu láàárín àlejò. Láti ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ti ń wò. Òyìnbó náà ti dàgbà, ó rọra ń rìn. Ọlágòkè sọ èdè òyìnbó fún un títí, ó tọ́ka sí agolo, ó fa okùn.

Irin méjèèjìlá ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà, fììì, bó ṣe máa ń ṣe. Ojúọlá ti fẹ́ yin Ọlọ́run. Àfi bí àwọ̀n ṣe tẹ̀lé e jáde tó ń já. Gbogbo ibi tí ó ti ṣẹ́ po ló ti gé, ó ń rọ̀ wálẹ̀ lára irin bí ẹ̀wù alárùn, wáyà wẹ́wẹ́ ń bọ́ sílẹ̀ bí irun tí wọ́n fá.

Òyìnbó dìde. Kò wo àwọ̀n lọ títí. Ìdí irin ló bẹ̀rẹ̀ sí, ó ń fi ìka ka bí wọ́n ṣe dojú kọ ọ̀nà kan, ó ń mi orí, ó sì béèrè nǹkan. Ọlágòkè fèsì, ó fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. Òyìnbó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó tún béèrè nǹkan mìíràn, ó tọ́ka sí àwọ̀n. Nígbà yìí ni Ọlágòkè wá ṣẹ́wọ́ sí Ojúọlá pé kó jáde wá. Ó jáde. Ó dúró sójú gbogbo wọn, Ọlágòkè sì ń nawọ́ sí i, ó ń sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń lu nǹkan. Àwọn olùkọ́ tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Òyìnbó ò rẹ́rìn-ín, ó kàn wo Ojúọlá bí ènìyàn ṣe ń wo ewúrẹ́ tó jẹ ìwé.

"Akọ̀wé," ni Ojúọlá wí, "ẹ sọ fún wọn pé mo sọ fún yín lánàá."

Ọlágòkè ò túmọ̀ ìyẹn.

Ojúọlá mọ̀ pé wọ́n ti dá ẹjọ́ òun lédè tí òun ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń fi Nọ́síràtù sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Iléṣà, ó di ilẹ̀kùn mú. Ọmọ náà ti wà ní kíláàsì kẹrin, ó ń gbọ́ èdè òyìnbó díẹ̀díẹ̀. Ojúọlá bi í pé kí ni Ọlágòkè bá òyìnbó sọ. Ọwọ́ Àpìkẹ́ wà lọ́rùn ọmọ.

Nọ́síràtù wo ilẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní àwọn làwọn dì í. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Àpìkẹ́ ní ṣé ó ti gbọ́, kó tú ọwọ́ lára ilẹ̀kùn. Ó tú u.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló lọ sí Iléṣà láàárín oṣù mẹ́jọ. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní ọmọ lọ sóko ní Ìkẹ́jì-Arákejì, tàbí pé ó ń sùn. Ìgbà kan ó gbọ́ tí ọmọ náà ń húkọ́ nínú ilé tí wọ́n ní kò sí.

Nígbà tí oṣù kẹjọ pé, Ọlágòkè tún wọ àgbàlá rẹ̀, ó sì gbé irin àti àwọ̀n tuntun dání. Agolo ti ọ̀tẹ̀ yìí fẹ̀. Òyìnbó ti kọ̀wé pé kó wá di ìdì yẹn níṣojú àwọn ní Amẹ́ríkà, kó gbé ọ̀kan dání tó ti dì. Ọlágòkè ti gbìyànjú rẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọ̀n ń kọ́ mọ́ra. Ó ní kí Ojúọlá bá òun dì í, òun á bá Màmá sọ ọ́ kó lè máa rí ọmọ. Ojúọlá ò bá a jà. Ó ní kó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Nígbà tí ọjọ́ méjì pé, Ọlágòkè dé, ó rí ìdì tó mọ́ roro. Ó fa orí okùn. Kò mì. Ó wò ó dáadáa, ó rí i pé ìko ni wọ́n fi dì í yíká, kókó lé kókó, kò lè ka iye rẹ̀.

"Ẹ mú ọmọ mi wá, Akọ̀wé," ni Ojúọlá wí. "Ojú rẹ̀ ni màá ti tú u."

Ó ní òun á fi abẹ gé e.

"Ẹ gé e. Ibi tí abẹ bá wọ̀, ibẹ̀ ni àwọ̀n yóò ti ya. Ẹ̀yin lẹ dì í, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó kù díẹ̀ kí Ọlágòkè gbá a lójú. Ìdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú Nọ́síràtù wá láti Iléṣà. Ọmọ náà ti ga, ó ti rù, àpá pàṣán wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ojúọlá ní kó jókòó sórí àpótí níwájú òun. Ó tú kókó àkọ́kọ́, ó fi okùn tó ń fà yọ rọ́pò rẹ̀, ó bi ọmọ pé ta ló ń dì í nírun. Ó tú ìkejì, ó bi í pé kí ló ń jẹ láàárọ̀. Ọlágòkè jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọmọ náà fi ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni, rárá, mi ò mọ̀. Ojúọlá ò kánjú. Bó bá kù díẹ̀ kó tú kókó kan tán, á tún fi èékánná dẹ ibòmíràn wò. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọmọ ti ń ròyìn ẹran ọ̀sìn kan tó já wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ kan ti yọ. Ojúọlá fún un ní ẹ̀bà, ó jẹ ẹ́ bí ẹni wọ́n ń lé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kókó tí òun bá fi sílẹ̀ láìtú kò ní jẹ́ kí wọ́n lè lọ, kì í ṣe lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Wọ́n kírun àsárì ní mọ́ṣáláṣí ìtòsí. Kókó mẹ́ta ló kù. Ojúọlá di ọwọ́ pọ̀ sórí wọn, ó ní ó ti rẹ òun, kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la. Ọlágòkè dìde, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ ló ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti dìde lórí àpótí, ó ń wo oòrùn.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá mi lọ́nà, Màmá àgbà á nà mí."

Ojúọlá wò ó. Ó tẹ orí ba, ó tú kókó kìíní, ó tú ìkejì, ó fi eyín fa ìkẹta yọ kó lè yá. Ó na ìdì sí Ọlágòkè láìgbé ojú sókè. Ọkùnrin náà gbé e sórí ìjókòó iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ yí i ká kó má baà gbọ̀n. Ó ní kí ọmọ bọ́ sẹ́yìn.